Nígbà Tí Kọ̀ǹpútà Bá Pa Ara Rẹ̀: Ìtàn Iná àti Ẹ̀rọ Ayárabíàṣá ní Abidjan

Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni a ń lò fún iná àti fún ènìyàn. Fìtílà a máa kú, ènìyàn náà a sì máa kú. Ẹni tí ó fẹ́ sùn ní alẹ́ yóò pa iná, ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn náà ni a sì ń lò fún iṣẹ́ apànìyàn. Nígbà tí ẹ̀rọ ayárabíàṣá, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní kọ̀ǹpútà, wọ inú ilé àwọn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀dó sí ìlú Abidjan ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, ọ̀rọ̀-ìṣe yìí ni wọ́n fi gbà á lálejò. Bí ẹ̀rọ náà bá dákẹ́ lójijì lẹ́nu iṣẹ́, ohun tí olówó rẹ̀ yóò sọ ni pé, "Kọ̀ǹpútà mi kú." Gbólóhùn náà kúrú, ó sì rọrùn láti sọ, ṣùgbọ́n ó bo ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan mọ́lẹ̀. Ṣé iná ni ó lọ ni? Ṣé ẹ̀rọ ni ó pa ara rẹ̀? Àbí ẹnìkan tí ó wà ní òkèèrè ni ó pa á? Ìdáhùn sí ìbéèrè wọ̀nyí kò rí bákan náà ní ọdún 1984, ní ọdún 2003 àti ní ọdún 2010, nítorí pé bí ìtàn ìlú náà ti ń yí ni ohun tí ń pa kọ̀ǹpútà níbẹ̀ náà ń yí.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré ọmọdé fún ẹni tí ó kàn. Owó tí a fi ń ra kọ̀ǹpútà, ìbáà jẹ́ àlòkù, ń gba ìdílé púpọ̀ ní ọ̀pọ̀ oṣù kí wọ́n tó rí i kó jọ. Ẹni tí ó bá ṣi àìsàn ẹ̀rọ rẹ̀ mọ̀ yóò ra oògùn àìsàn mìíràn fún un: yóò ra ẹ̀rọ amúnádúró nígbà tí ó jẹ́ pé eruku ni ó ń fún ẹ̀rọ náà lọ́rùn, tàbí kí ó sanwó fún ọpọlọ ẹ̀rọ titun nígbà tí ó jẹ́ pé ẹ̀rọ amómitutù aládùúgbò ni ó ń fa iná mọ́ ọn lọ́wọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí orí kẹta àpilẹ̀kọ rẹ̀ bá iná lọ kò ní rí ẹni bá a tún un kọ.

Àwọn Yorùbá ti ń gbé ní Côte d'Ivoire láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, nígbà tí ojú irin tí àwọn Faransé ń là láti etí òkun lọ sí òkè ń fa àwọn oníṣòwò mọ́ra. Ẹjígbò ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá, tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń gbọ́ èdè Faransé ní ọjà Ẹjígbò, tí a sì ń ná owó sẹ́fà níbẹ̀ bí ẹni pé ìlú náà kò sí ní Nàìjíríà. Ànàgó ni àwọn ará Côte d'Ivoire ń pè wọ́n. Treichville, Adjamé àti Koumassi wà lára àwọn àdúgbò tí wọ́n ti ń tajà láti ìran dé ìran. Nígbà tí kọ̀ǹpútà di ohun tí ọmọ ènìyàn lè tà, tí ó lè rà, tí ó sì lè tún ṣe, àárín àwọn ọjà wọ̀nyí ni ó gbà wọlé, kì í ṣe àárín àwọn ilé gogoro Plateau nìkan.

Ṣùgbọ́n ìtàn náà kò lè bẹ̀rẹ̀ láti ara kọ̀ǹpútà, nítorí pé iná ni ó kọ́kọ́ dé. Ní ọdún 1952 ni a dá ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná ti Côte d'Ivoire sílẹ̀, èyí tí orúkọ rẹ̀ ní gékúrú jẹ́ EECI. Ìdídò Ayamé tí ó wà lórí odò Bia parí ní ọdún 1959, ọdún kan kí orílẹ̀-èdè náà tó gba òmìnira. Ìkejì rẹ̀ tẹ̀lé e ní ọdún 1965. Ní ọdún 1972 ni ti Kossou lórí odò Bandama parí. Omi rẹ̀ gba ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn Baoulé tí iye wọn lé ní 70,000 fi ní láti kó kúrò ní abúlé àwọn baba wọn. Ti Taabo dé ní ọdún 1979, ti Buyo lórí odò Sassandra sì dé ní ọdún 1980. Ìrètí ìjọba Félix Houphouët-Boigny ni pé omi yóò máa ṣiṣẹ́ fún ìlú láìgba owó oṣù. Àfi òjò nìkan ni kò fọwọ́ sí ìwé àdéhùn náà. Ní ọdún 1983 sí 1984, ọ̀dá mú ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, omi fà lẹ́yìn àwọn ìdídò náà, ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwọ̀n pín iná fún Abidjan.

Ọdún díẹ̀ péré ṣáájú ìgbà náà, ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1981, ni ilé-iṣẹ́ IBM gbé kọ̀ǹpútà àdáni rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Amẹ́ríkà. Ó yẹ kí a wo bí a ṣe ń tan irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Bọ́tìnì pupa ńlá kan wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí a bá gbé e sókè, iná wọlé. Bí a bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, iná gé pátápátá, gẹ́gẹ́ bí ti gílóòbù ara ògiri. Kò sí ohun tí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ lè ṣe láti pa iná ara rẹ̀. Nítorí náà, bí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ kan ní Plateau bá kú ní ọdún 1984, ohun méjì péré ni ó lè fà á: yálà iná ti lọ, tàbí nǹkan kan ti jó nínú rẹ̀. Ìwádìí ìgbà náà rọrùn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kàn gbójú sókè wo gílóòbù ni.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1990, ìjọba gba iṣẹ́ pípín iná kúrò lọ́wọ́ EECI, ó sì fi lé ilé-iṣẹ́ aládàáni kan, CIE, lọ́wọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ Faransé ni ó ṣe agbátẹrù rẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀ sí i, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa gáàsì láti ìsàlẹ̀ òkun ní iwájú Abidjan gan-an. Ilé-iṣẹ́ CIPREL ní Vridi bẹ̀rẹ̀ sí í fi gáàsì yìí ṣe iná ní àárín àwọn ọdún 1990, ti Azito ní Yopougon sì dara pọ̀ mọ́ ọn ní ọdún 1999. Iná pọ̀ débi pé Côte d'Ivoire ń tà nínú rẹ̀ fún àwọn orílẹ̀-èdè tí ó yí i ká. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ láti Èkó dé Abidjan ní ìgbà náà yóò rò pé ayé mìíràn ni òun dé. Èkó ti kọ́ láti máa gbé pẹ̀lú òkùnkùn. Kò sí ilé oníkọ̀ǹpútà kan níbẹ̀ tí kò mọ ìró jẹnẹrétọ̀. Abidjan kò kọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò sí ohun tí ó mú un kọ́ ọ. A lè sọ pé ọ̀làjú iná yìí ni ó ṣe àwọn ará ìlú náà léṣe nígbẹ̀yìn: nígbà tí kọ̀ǹpútà ń wọ ilé wọn ní òpin àwọn ọdún 1990, ara ògiri tààrà ni wọ́n ń kì í bọ̀. Ẹ̀rọ amúnádúró tí bátìrì wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní onduleur, jẹ́ ohun tí a ń rí ní báńkì àti ní ilé-iṣẹ́ ńlá.

Ní àkókò yìí kan náà ni nǹkan kan yí padà nínú kọ̀ǹpútà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì fura sí i. Ní ọdún 1995, ilé-iṣẹ́ Intel gbé ìlànà titun kan jáde fún kíkọ́ kọ̀ǹpútà orí tábìlì. ATX ni orúkọ rẹ̀. Láti ìgbà náà, bọ́tìnì iwájú ẹ̀rọ kì í gé iná mọ́. Ńṣe ni ó ń ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ pé kí ó pa ara rẹ̀. Ẹ̀rọ ni yóò gbọ́, tí yóò sì ṣe é. Ẹ̀rọ tí ó sì lè gbọ́ àṣẹ bọ́tìnì lè gbọ́ àṣẹ ẹlòmíràn pẹ̀lú: ó lè gbọ́ ti ètò tí ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, ti ẹ̀ṣọ́ tí ń wọn ooru ọpọlọ rẹ̀, àti ti àlejò burúkú. Kí ọdún 1995 tó dé, kọ̀ǹpútà ilé a máa kú ni. Lẹ́yìn rẹ̀, ó di ohun tí ó lè pa ara rẹ̀.

Ooru ni ó kọ́kọ́ jàǹfààní àyè yìí. Àwọn kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ kò nílò abẹ̀bẹ̀ kankan lórí ọpọlọ wọn, nítorí pé ooru tí ó ń tinú rẹ̀ jáde kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ìje wọlé láàárín Intel àti AMD, olúkúlùkù ń fẹ́ kí tirẹ̀ yára ju ti ẹnìkejì lọ, eré sísá kò sì ṣeé ṣe láìlàágùn. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2004, ọpọlọ Pentium 4 kan lè gbé ooru tí ó lé ní wáàtì 100 jáde, èyí tí ó ju ti gílóòbù ńlá ayé àtijọ́ lọ, lórí ohun tí kò fẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ní ọdún 2001, ìwé ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ń jẹ́ Tom's Hardware ṣe ìdánwò kan tí ó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Wọ́n yọ irin tí ń fa ooru kúrò lórí àwọn ọpọlọ ẹ̀rọ níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Pentium 4 fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn, ó rọra ń lọ, kò sì kú. Athlon ti AMD rú èéfín, ó sì jóná. Láti ìgbà náà, kò sí aṣẹ̀dá tí ó gbójú fo ẹ̀ṣọ́ ooru mọ́. Intel fúnra rẹ̀ fi ọ̀nà náà sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2004, nígbà tí ó pa iṣẹ́ lórí ọpọlọ tí ì bá tẹ̀lé e tì, ó sì gba ọ̀nà mìíràn tí ó gbé Core 2 jáde ní ọdún 2006.

Àwọn aṣẹ̀dá wọ̀nyí kò ro ti Abidjan nígbà tí wọ́n ń ṣírò. Ìlú etí ọ̀sà ni. Ooru ọ̀sán níbẹ̀ sábà máa ń súnmọ́ ìwọ̀n 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ọ̀rinrin sì wà nínú afẹ́fẹ́ rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà nínú ọdún. Ọyẹ́ a sì máa gbé eruku wá fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ní ìparí ọdún àti ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Eruku gbígbẹ rọrùn láti fẹ́ dànù. Èyí tí ó bá gba ọ̀rinrin yóò lẹ̀ mọ́ àárín irin tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà lábẹ́ abẹ̀bẹ̀, yóò sì hun bí aṣọ òfì. Ìtọ́jú tí àwọn ènìyàn fi ìfẹ́ ṣe tún dá kún un. Ohun iyebíye ni kọ̀ǹpútà nínú yàrá àlejò, wọn a sì fi aṣọ léèsì tàbí aṣọ tí a fi òwú hun bò ó gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń bo tẹlifíṣọ̀n. Àwọn mìíràn a tì í sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígi tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í ṣí. Èémí kò sí fún un. Ìwà irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sì ní àmì tí kì í tàsé: bí a bá tàn án ní òwúrọ̀, yóò ṣiṣẹ́ fún bí ogún ìṣẹ́jú, yóò sì pa ara rẹ̀, bí a bá tún tàn án lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kò ní pẹ́ tó ti àkọ́kọ́, bí a bá sì fi í sílẹ̀ kí ó sinmi fún wákàtí kan, yóò tún padà sí ogún ìṣẹ́jú rẹ̀. Ẹ̀rọ tí iná ń dà láàmú kì í ṣe báyìí, nítorí pé iná kì í mọ iye ìgbà tí ẹnìkan ti jókòó. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré àti ọ̀rá funfun titun láàárín ọpọlọ àti irin rẹ̀ ni oògùn rẹ̀, owó wọn kò sì tó nǹkan. Ibi tí ó ti dunni ni pé àwọn kan tí ó gbé irú ẹ̀rọ yìí lọ sọ́dọ̀ atúnṣe padà wálé pẹ̀lú ẹ̀rọ mìíràn àti gbèsè.

Ikú mìíràn wà tí a gbé wọlé láti òkèèrè nínú ẹ̀rọ náà gan-an. Láti nǹkan bí ọdún 1999 títí di ọdún 2007, ọ̀pọ̀ kàpásítọ̀ tí a ṣe ní Taiwan ní àléébù. Àgbá kéékèèké ni wọ́n, wọ́n dúró bí ọmọ ogun yí ọpọlọ ẹ̀rọ ká, iṣẹ́ wọn sì ni láti mú kí iná tí ń lọ síbẹ̀ rọ̀ kí ó má ṣe máa ta. Omi oògùn tí ó wà nínú wọn kò pé èròjà. Ó ń di afẹ́fẹ́ nínú àgbá náà, orí àgbá á wú, á là, omi aláwọ̀ ilẹ̀ á sì ṣàn jáde. Ilé-iṣẹ́ Dell nìkan ya 300 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ ní ọdún 2005 fún àtúnṣe àwọn ẹ̀rọ tí èyí bá jà. Ẹ̀rọ tí kàpásítọ̀ rẹ̀ wú kì í kú lẹ́ẹ̀kan. Á pa ara rẹ̀ lónìí, á dára fún ọjọ́ mẹ́ta, á tún pa ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín wákàtí kan, títí tí yóò fi kọ̀ láti jí.

Èyí kan Abidjan gan-an nítorí ọ̀nà tí àwọn ẹ̀rọ náà gbà débẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà a máa pààrọ̀ kọ̀ǹpútà wọn lẹ́yìn ọdún bí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, èyí tí ó jẹ́ àkókò tí kàpásítọ̀ burúkú ń bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ohun tí wọ́n jù sílẹ̀ ni ó ń wọ ọkọ̀ ojú omi. Ní ọdún 2005, àjọ Basel Action Network tẹ àbájáde ìwádìí rẹ̀ ní Èkó jáde: nǹkan bí 500 àpótí ẹrù ńlá ni ó ń wọ ìlú náà lóṣooṣù, àwọn oníṣòwò náà sì sọ pé nǹkan bí ìdá 75 nínú 100 ohun tí ó wà nínú wọn ni kò ṣeé lò, tí kò sì ṣeé tún ṣe. Nígbà tí àjọ àyíká ti Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè Àgbáyé ṣe ìwádìí irú ẹ̀ lẹ́yìn náà, Côte d'Ivoire wà lára àwọn orílẹ̀-èdè márùn-ún tí ó wò, pẹ̀lú Benin, Ghana, Liberia àti Nàìjíríà. Ìlú Abidjan mọ ohun tí ó ń jẹ́ kí ìdọ̀tí ẹlòmíràn gba ẹnu èbúté ẹni wọlé; ní oṣù kẹjọ ọdún 2006 ni ọkọ̀ Probo Koala da ìdọ̀tí olóró sílẹ̀ níbẹ̀, tí ẹ̀mí ènìyàn sì bá a lọ. Kọ̀ǹpútà àlòkù kì í pa ènìyàn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà.

Èyí tí ó ti Amẹ́ríkà wá tún ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Fólítì 120 ni iná ilé wọn, ti Abidjan sì jẹ́ 220. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ àpótí agbára ìgbà náà, èyí tí àwọn atúnṣe Abidjan ń pè ní alimentation, bọ́tìnì pupa kékeré kan wà tí a kọ 115 àti 230 sí. Ẹni tí kò bá wo ẹ̀yìn kí ó tó kì í bọ ògiri yóò gbọ́ ìró kan ṣoṣo, òórùn yóò sì tẹ̀lé e. Iṣẹ́ ọmọ iṣẹ́ ni láti máa yẹ bọ́tìnì náà wò, ìwọ̀nba ọmọ iṣẹ́ ni kò sì tí ì pa ẹ̀rọ kan kí ó tó kọ́ ọ.

Ikú tí ó ṣàjèjì jù lọ dé ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 2003. Ìgbà náà, Côte d'Ivoire ṣì ń jà láti rí ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2002. Orílẹ̀-èdè náà ti pín sí méjì. Ní ọjọ́ yẹn, àràn kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n sọ ní Blaster bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri ayé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń lo Windows XP tàbí Windows 2000 kò nílò láti ṣí lẹ́tà kankan. Kí ẹ̀rọ náà ṣáà ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìní àtúnṣe tí Microsoft ti gbé jáde ní oṣù tí ó ṣáájú. Àpótí kékeré kan yóò yọ sójú ẹ̀rọ, yóò sọ pé ẹ̀rọ yóò pa ara rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 60, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sẹ́yìn. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ní òpin oṣù kẹrin ọdún 2004, àbúrò rẹ̀ Sasser dé pẹ̀lú irú ìkìlọ̀ kan náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Jámánì ni ó kọ ọ́, ọdún 18 ni ó sì jẹ́ nígbà tí àwọn ọlọ́pàá mú un.

Ní Abidjan, ìyọnu yìí wúwo ju ti ibòmíràn lọ fún ìdí tí kò ní í ṣe pẹ̀lú ìmọ̀ ẹ̀rọ. Windows tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àlòkù ń lò kì í ṣe èyí tí a sanwó fún, ẹni tí ó ní i sì ń bẹ̀rù láti gba àtúnṣe kí àṣírí má baà tú. Íntánẹ́ẹ̀tì sì ń rìn lórí okùn tẹlifóònù, pẹ̀lú owó lórí ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Báwo ni ènìyàn yóò ṣe gba àtúnṣe tí ó tóbi lórí ẹ̀rọ tí ó fún un ní ìṣẹ́jú-àáyá 60? Àwọn atúnṣe rí ọ̀nà kan: bí a bá yára tẹ "shutdown -a" sínú fèrèsé àṣẹ, ìkà náà yóò dúró. Ọ̀rọ̀ méjì yìí, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń lò ó kò lè túmọ̀, di bí ọfọ̀ ní àwọn ilé íntánẹ́ẹ̀tì. Ó yẹ kí a sì fi kún un pé ikú yìí nìkan ni ó máa ń sọ̀rọ̀ kí ó tó dé. Ooru kì í kìlọ̀, iná kì í kìlọ̀. Ẹni tí ó bá rí ìkà sẹ́yìn lójú ẹ̀rọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ tú àpótí rẹ̀ rárá.

Ní oṣù kejì ọdún 2010, nǹkan tún padà sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tọ́báìnì Azito bàjẹ́, ìlú tí kò mọ òkùnkùn mọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àdúgbò-àdúgbò pín iná títí di nǹkan bí oṣù karùn-ún. Délestage ni ọ̀rọ̀ tí gbogbo ẹnu ń pè. Kò sí èdè kan ní ọjà Adjamé tí kò yá ọ̀rọ̀ náà lò, Yorùbá pẹ̀lú. Ohun tí ó yẹ fún àfiyèsí àwọn olùkọ́ èdè ni bí àwọn Yorùbá ṣe ń sọ ọ́: "Wọ́n ti mú iná lọ." A kì í sọ ẹni tí "wọ́n" jẹ́. Gírámà gbólóhùn náà ti dá ẹnìkan lẹ́bi kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀, ó sì rọrùn ní ọdún náà láti ko gbogbo ikú kọ̀ǹpútà lé "wọn" lórí. Lóòótọ́ ni "wọ́n" jẹ̀bi púpọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe lílọ iná ni ó ń ba ẹ̀rọ jẹ́ jù, bí kò ṣe bíbọ̀ rẹ̀. Nígbà tí iná bá padà dé sí àdúgbò kan, gbogbo ẹ̀rọ amómitutù, ẹ̀rọ amúlétutù àti abẹ̀bẹ̀ ibẹ̀ yóò jí lẹ́ẹ̀kan náà. Agbára iná á rọlẹ̀, á ta sókè, á tún rọlẹ̀, àpótí agbára kọ̀ǹpútà ni ó sì ń jẹ gbogbo ìyà náà.

Àpótí yìí ní ìfaradà, ṣùgbọ́n ó kéré. Ohun tí ìlànà ATX béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni kí ó lè gbé ẹ̀rọ dúró fún nǹkan bí ìdá 16 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá kan bí iná bá gé. Iná Abidjan a máa mì ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ìfaradà náà kò tó ìgbì kan ṣoṣo. Ojú ènìyàn lè má rí i pé gílóòbù ṣẹ́jú, kọ̀ǹpútà sì ti kú. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì ní àwọn agbo-ilé tí àwọn ará Abidjan ń pè ní cour commune, níbi tí ìdílé púpọ̀ ti ń lo àgbàlá kan, tí wọ́n sì lè máa fa iná láti ara mítà kan nípasẹ̀ okùn tẹ́ẹ́rẹ́. Bí ìyá kan ní yàrá kẹta bá ki áyọ́ọ̀nù bọ ògiri, ẹ̀rọ ọmọ ilé-ìwé ní yàrá kẹfà yóò kú. Ọ̀pọ̀ ìjà ni irú èyí ti dá sílẹ̀, tí ẹni tí ó ni áyọ́ọ̀nù kò sì mọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Atúnṣe tí ó mọṣẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú tunafíìsì. Yóò ní kí olówó ẹ̀rọ kọ wákàtí tí ẹ̀rọ ń kú sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, kí ó sì gbé e lọ ṣiṣẹ́ ní ilé ẹlòmíràn fún alẹ́ kan. Bí wákàtí ikú bá bá wákàtí oúnjẹ tàbí wákàtí aṣọ lílọ̀ mu, kò sí ohun tí ó ṣe ẹ̀rọ. Bí ó bá kú níbẹ̀ náà lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, kí wọ́n lọ wá búrọ́ọ̀ṣì. Bí kò bá ní àkókò kankan tí ó ń kú sí, kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n sì wo orí àwọn àgbá kéékèèké. Ìwé àti kálàmù ni irinṣẹ́ tí ó wọ́n jù nínú iṣẹ́ yìí, nítorí pé ìwọ̀nba ènìyàn ni ó ní sùúrù wọn.

Ìdídò Soubré, tí agbára rẹ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 275, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2017. Síbẹ̀, ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, omi tún fà lẹ́yìn àwọn ìdídò, Azito tún ní ìbàjẹ́ tirẹ̀, CIE sì tẹ àkọsílẹ̀ ìgbà tí iná yóò máa lọ ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan jáde. Ìpín náà wà títí di oṣù keje. Kọ̀ǹpútà tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ ilé nígbà náà ti yàtọ̀ sí ti ọdún 2010. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ti gba ipò ti orí tábìlì, bátìrì wà nínú rẹ̀, àwọn tí tiwọn ṣì lágbára sì ń tẹ̀wé nínú òkùnkùn láìfura pé iná ti lọ. Ṣùgbọ́n àlòkù ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí pẹ̀lú. Bátìrì ni ó máa ń kọ́kọ́ darúgbó lára ẹ̀rọ alágbèéká, òun ni ẹni tí ó tà á ní òkèèrè kì í pààrọ̀, òun náà sì ni ẹni tí ó rà á ní Adjamé máa ń fi sílẹ̀ de ọjọ́ mìíràn. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà lórí tábìlì ní Koumassi ní ọdún náà, okùn rẹ̀ kò kúrò lára ògiri láti àárọ̀ di alẹ́. Bí iná bá sì lọ gẹ́gẹ́ bí CIE ti kọ ọ́ sílẹ̀, òun náà a lọ, ní ìṣẹ́jú-àáyá kan náà.